Ọmọ Tó Kúnlẹ̀ Kí Mi ní Thamesmead

Ọmọ àbúrò mi kan ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Ó ti fẹ́ parí yunifásítì, ó wá ń rò ó bóyá iṣẹ́ tíṣà ni kóun ṣe tàbí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ló bá pè mí, ó ní, "Auntie, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti retire, ẹ sọ òótọ́ fún mi, báwo ni teaching ṣe rí gan-an?" Mo sọ fún un pé bó bá jẹ́ iṣẹ́ tí àwọn èèyàn á ti dákẹ́ gbọ́ ohun tó ń sọ ló ń wá, kó lọ ṣe pásítọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé nínú ṣọ́ọ̀ṣì tiwa gan-an, ìdajì ìjọ ló máa ń tẹ fóònù bí pásítọ̀ bá ń wàásù lọ, wọ́n á ní Bíbélì làwọn ń kà. Mo ní kó jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń wá iṣẹ́ lè jọ kà á. Ó gùn díẹ̀, ẹ ṣe sùúrù fún àgbàlagbà.

Ṣówándé ni orúkọ mi, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́tàlélógún ni àwọn ọmọ Thamesmead fi pè mí ní Miss Show. Iṣẹ́ tíṣà ni mò ń ṣe l'Abẹ́òkúta kí n tó wá bá ọkọ mi ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí mo ṣe rí iṣẹ́ níbí ò ní ìtàn nínú: mo kọ̀wé, wọ́n pè mí, wọ́n ní kí n wá ṣe olùrànlọ́wọ́ tíṣà ní iléèwé girama kan ní Thamesmead. Owó ibẹ̀ ò tó nǹkan, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Woolwich ni mò ń gbé, ọkọ̀ ojú irin ò sì dé Thamesmead, nítorí náà bọ́ọ̀sì ni mo máa ń wọ̀ láràárọ̀, màá gòkè lọ jókòó sáàárín àwọn ọmọ iléèwé. Kí wọ́n tó dé kíláàsì ni mo ti máa ń mọ àwọn tó jọ ń jà àti ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Mrs Gathercole, tíṣà ìṣirò. Obìnrin kúkúrú ni, irun rẹ̀ ti funfun, kì í sì í gbé ohùn sókè. Gbogbo wa la bẹ̀rù rẹ̀, àti ọmọ àti tíṣà. Lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, mo fa àga kan, mo fẹ́ jókòó. Ó wò mí títí mo fi dá àga padà. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni kò fi jẹ́ kí n kọ́ ọmọ kankan ní ohunkóhun. Ó fún mi ní ìwé pélébé àti pẹ́ńsù, ó ní kí n dúró sẹ́yìn kíláàsì kí n máa ka ojú. Ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, kí n kọ iye ọmọ tó ń bá òun lọ sílẹ̀, kí n sì kọ ibi tí ojú àwọn tó kù wà: fèrèsé, aago, ọ̀rẹ́, àjà ilé.

Inú bí mi, mi ò ní purọ́. Èmi tí mo ti fi ṣọ́ọ̀kì kan ṣoṣo kọ́ àádọ́ta ọmọ l'Abẹ́òkúta, ojú ni wọ́n ní kí n wá máa kà! Mo délé, mo rò ó fún ọkọ mi, ẹ̀rín ló ń rín. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ń bá a lọ. Mrs Gathercole wo ìwé náà, ó ní, "Sean ńkọ́?" Mo ní Sean ń wo pátákó. Ó ní ojú Sean kàn ń bọ̀wọ̀ fún òun ni, ṣé mo wo ọwọ́ rẹ̀? Mo lọ wò ó. Sean ti fi kọ́ńpáàsì gbẹ́ odidi ẹja sára tábìlì. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wo ọwọ́ ọmọ, mò ń wo èjìká rẹ̀, mò ń wo bó ṣe ń mí. Nígbà tí mo wá kàwé sí i tí èmi náà di tíṣà tó ní kíláàsì tirẹ̀, Mrs Gathercole ló kọ́kọ́ wá kí mi kú oríire. Ó gbé páálí ṣọ́ọ̀kì kan lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n fi rántí òun, torí pé wọn ò lo ṣọ́ọ̀kì mọ́ nílé ẹ̀kọ́ wa nígbà yẹn. Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn dọ́kàn.

Pátákó funfun ló gba ipò pátákó dúdú, lẹ́yìn náà wọ́n gbé pátákó oníná wá, èyí tó máa ń kọ̀ láti tàn bí òtútù bá mú. Ṣùgbọ́n fóònù ló yí iṣẹ́ wa padà. Fóònù onínọ́ńbà ló kọ́kọ́ dé. Àwọn ọmọ á tẹjú mọ́ ọ bí áńgẹ́lì, wọ́n á máa fi àtàńpàkò tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ nínú àpò, wọn ò tilẹ̀ ní wo ibi tí wọ́n ń tẹ̀. Èjìká ni mo fi máa ń mú wọn, torí èjìká kan á máa mì díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí fóònù tó jẹ́ kìkì dígí dé, ó di dandan kí wọ́n wolẹ̀ kí wọ́n tó lè tẹ̀ ẹ́, mo ní a ti borí. Mi ò mọ̀ pé fídíò kéékèèké ń bọ̀ lọ́nà.

Mo máa rántí ọmọ kan títí láé. Mo fún un ní ìwé ìbéèrè, bébà lásán ni o. Nígbà tí ìbéèrè àkọ́kọ́ sú u, ó gbé àtàńpàkò lé bébà náà, ó fà á sókè, ó dúró kí òmíràn yọ. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, òun alára rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìṣirò tí àwọn ẹ̀gbọ́n wọn á jókòó tì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìṣẹ́jú méjì ni àwọn yìí á fi gbìyànjú rẹ̀, wọ́n á ní, "Miss, it's long." Mi ò lè bú wọn. Èmi náà ti wà nínú bọ́ọ̀sì rí tí mò ń wo fídíò obìnrin kan tó ń dín ẹja, bọ́ọ̀sì gbé mi kọjá iléèwé dé Town Centre, mo sì fẹsẹ̀ rìn padà nínú òjò. Mo dé kíláàsì, omi ń kán lára mi, mo sọ ìdí rẹ̀ fún wọn, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Wọ́n fẹ́ràn mi, mo sì fẹ́ràn wọn. Wọ́n á ní, "Miss, say three hundred and thirty-three," èmi náà á sì fi gbogbo ẹnu Ẹ̀gbá sọ ọ́, kí inú wọn lè dùn. Òfin iléèwé ni pé ká gba fóònù tá a bá rí lọ́wọ́ ọmọ títí di ìgbà tí wọ́n bá jáde. Dúróọ̀ tábìlì mi ni mo máa ń kó wọn sí, túbú Miss Show ni wọ́n ń pè é. Bí mo ṣe ń ṣe é bọ̀ nìyẹn títí Fọlákẹ́ fi dé.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni Fọlákẹ́ nígbà náà. Ìbàdàn, lọ́dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀, ló ti dàgbà. Ìyá rẹ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Woolwich ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un wá ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní tó wọ kíláàsì mi, ó rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, eékún méjèèjì lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ ma."

Ẹ gbọ́, mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ fún yín. Gbogbo ọdún tí mo lò níléèwé yẹn, kò sí ọmọ tó kúnlẹ̀ kí mi rí. Àwọn ọmọ tiwa tí wọ́n bí síbí, "Y'alright, Miss" ni wọ́n ń sọ. Orí mi wú. Mo gbé ọwọ́ lé e lórí, mo ní wàá dàgbà, wàá ṣe oríire. Ohun tó yẹ kí n sọ ni pé, "Ọmọ mi, dìde, níbí, orí ìdúró la ti ń kíra wa." Mo mọ̀ pé ó yẹ bẹ́ẹ̀. Mi ò sọ ọ́. Láràárọ̀ ni mò ń dúró de ìkúnlẹ̀ yẹn bí ẹni ń dúró de tíì gbígbóná.

Ọmọ náà mọ̀ṣirò. Ìka rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ lọ sókè. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa pé oṣù kan, ó ti rí i pé òun nìkan ló ń kúnlẹ̀, àwọn ọmọ sì ti ń wo òun. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó kàn tẹ orúnkún díẹ̀, ó fẹ́ yà kọjá. Mo fi àwàdà sọ ọ́ ní Yorùbá, níwájú gbogbo wọn pé, "Àbí orúnkún ń dùn ọ́ ni?" Ojú tì í. Ó padà, ó kúnlẹ̀ dáadáa, mo sì gbé ọwọ́ mi lé e lórí bí mo ti máa ń ṣe.

Àárọ̀ yẹn ni Tólú, tóun náà wà ní kíláàsì yẹn, gbé fóònù rẹ̀ sókè, ó yà wá. Tólú jẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wa, ibí ni wọ́n bí i sí, mo mọ bàbá àti ìyá rẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni fídíò náà: ọmọ kan lórí eékún, ọwọ́ àgbàlagbà kan lórí rẹ̀. Ojú mi ò hàn níbẹ̀, ti Fọlákẹ́ hàn kedere. Wọ́n fi orin ẹ̀rín sí i. Kó tó di ọ̀sán, ó ti kárí iléèwé. Kó tó di ọjọ́ kejì, àwọn tí kò mọ ibi tí Thamesmead wà ti ń kọ̀wé sábẹ́ rẹ̀. Àwọn kan ní ṣé ó fẹ́ fẹ́ Miss ni. Àwọn kan pè é ní ẹrú.

Ọ̀gá àgbà iléèwé pè mí. Ó bi mí bóyá èmi ni mo ní kí ọmọ náà kúnlẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Ní ìlú yìí, bí wọ́n bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé tíṣà ń mú ọmọ kúnlẹ̀ fún òun, ó lè jẹ́ ìparí iṣẹ́ ẹni. Mo ní àṣà wa ni, mo ní ọmọ náà ló ń kí mi bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Òótọ́ ni lóòótọ́, àmọ́ mo fi èyí tó ṣe kókó pa mọ́. Wọ́n fìyà jẹ Tólú, wọ́n ní wọ́n ti yọ fídíò kúrò, wọ́n pe ìyá Fọlákẹ́ lórí fóònù pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Ó parí fún àwa àgbà, kò parí fún ọmọ náà. Fọlákẹ́ ò kúnlẹ̀ mọ́, kò sì kí mi mọ́. Ìka rẹ̀ ò lọ sókè mọ́. Ìlà kejì ló ń jókòó sí, mo sì ń rí ọwọ́ rẹ̀ lábẹ́ tábìlì tí àtàńpàkò rẹ̀ ń lọ sókè sódò, kò dúró. Mo gba fóònù náà, mo fi í sí dúróọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e mo tún gbà á. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo gbà á. Àmì ìdánwò rẹ̀ já lulẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé bí fóònù ṣe ń gba gbogbo wọn nìyí.

Nígbà tó yá, ìyá rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ọ̀sán Sátidé ni mo lọ sílé wọn ní Woolwich. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Bó ṣe ṣílẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀.

"Mummy, ẹ káàsán ma. Ẹ ṣé gan-an tẹ́ ẹ wá."

Mo yára fà á dìde. Ó bu omi fún mi, ó jókòó, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Mummy, ọmọ yìí ti fẹ́ pa mí. School ń kọ letter, letter, phone ṣáá. Mo ti call màmá mi n'Íbàdàn, mo ní tí term yìí bá ti parí, mò ń dá a padà. Mi ò lè máa ṣe double shift kóun máa tẹ phone nínú class. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ jọ wà ní school. Tẹ́ ẹ bá ní kó dúró, á dúró. Tẹ́ ẹ bá ní kó máa lọ, ó ti parí nìyẹn. Ẹ̀yin ni mo fi í lé lọ́wọ́."

Fọlákẹ́ jókòó sí igun àga, kò wo ẹnikẹ́ni nínú wa. Fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bi í ní ohun tí mi ò bi í rí ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Fọlákẹ́, kí lò ń wá nínú ẹ̀?"

"Comments ni mò ń kà, ma."

"Ṣebí wọ́n ti yọ fídíò yẹn kúrò?"

"Wọ́n ti tún gbé e sórí account mìíràn, ma. Ó ti di mẹ́ta. Mò ń wò ó bóyá ẹnì kan ti sọ fún wọn pé ìkíni ni. Mo rò pé ẹ̀yin máa sọ ọ́, ma. Ẹ̀yin lẹ bi mí bóyá orúnkún ń dùn mí."

Ìyá rẹ̀ yíjú sí mi. "Mummy?"

Mo lè bá a wí nígbà yẹn pé kó má purọ́ mọ́ àgbàlagbà. Ìyá rẹ̀ ì bá gbà mí gbọ́, wọn ì bá sì dá a padà sí Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ á sì tán lára mi. Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé kò wá sí mi lọ́kàn. Mo wo ọmọ náà, kò tilẹ̀ bínú sí mi, ó kàn ti rẹ̀ ẹ́.

Mo ní, "Òótọ́ ló sọ. Ó ti fẹ́ jáwọ́ nínú ìkúnlẹ̀, èmi ni mi ò jẹ́. Nígbà tí wọ́n bi mí níléèwé, mi ò sọ ọ́."

Ìyá rẹ̀ yíjú wo ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ojoojúmọ́ ni mò ń bú ọmọ yìí, Mummy. Ojoojúmọ́." Nígbà tí mo dìde, kò sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Mo dá ṣílẹ̀kùn fúnra mi, mo sì sunkún dé ibùdókọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo lọ bá ọ̀gá àgbà, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó wà nínú fáìlì mi títí mo fi fẹ̀yìn tì, ó sì tọ́ sí mi. Ó ní mi ò gbọdọ̀ kọ ohunkóhun sórí ayélujára, ṣùgbọ́n ó gbà kí n bá kíláàsì mi sọ̀rọ̀. Mo kọ́kọ́ bi Fọlákẹ́ bóyá ó fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mo dúró níwájú wọn, mo ní ọwọ́ tó wà nínú fídíò yẹn, ọwọ́ mi ni. Mo ní ìkíni ni ìkúnlẹ̀ níbi tí a ti wá, bí wọ́n ṣe ń bọ ara wọn lọ́wọ́ níbí. Mo ní Fọlákẹ́ ti fẹ́ fi í sílẹ̀, èmi ni mo fi àwàdà mú un kúnlẹ̀ torí pé ó ń dùn mọ́ mi, mo sì dákẹ́ torí pé mò ń bẹ̀rù. Mo bẹ ọmọ náà níwájú gbogbo wọn. Kò sí ọwọ́ kankan lábẹ́ tábìlì.

Ọmọ kan lẹ́yìn ní, "That's peak, Miss," ìyẹn ni pé ohun tí mo ṣe burú. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Tólú gbé ojú sókè, ó ti ń sunkún. "Auntie, mo gbọ́ ẹ that day. I heard what you said to her. Mo kàn think pé tí n bá sọ ọ́, wọ́n máa sack ẹ." Gbogbo ìgbà tí wọ́n ń fìyà jẹ ẹ́, ó mọ̀, kò sì sọ ọ́. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó wá àwọn fídíò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kàn, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan pé òun lòun yà á, pé ìkíni ni, pé ọ̀rẹ́ òun ni ọmọ náà. Wọn kì í ṣe ọ̀rẹ́ nígbà náà. Wọ́n padà dọ̀rẹ́.

Lọ́jọ́rú ni ìyá Fọlákẹ́ pè mí. Kò pẹ́ lórí fóònù. Ó ní òun ti sọ fún ìyá òun pé kó má retí ọmọ náà mọ́. Ó ní, "Mummy, inú ṣì ń bí mi sí yín o." Mo ní kó bínú, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Lẹ́yìn ọdún kan, ó gbé páákì jọ̀lọ́ọ̀fù wá fún mi ní iléèwé, mo mọ̀ pé ó ti dárí jì mí.

Ó gba Fọlákẹ́ tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìpè yẹn kó tó tún kí mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó wọlé, ó dúró ṣánṣán, ó wo ojú mi, ó ní, "Good morning, Miss." Ó dùn mí díẹ̀, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó jókòó, ó ṣí ìwé rẹ̀. Nígbà tó yá, ìka rẹ̀ lọ sókè, ó ní nọ́ńbà kẹrin ò yé òun. Mo lọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó ti ṣe nọ́ńbà kìíní dé ìkẹta, gbogbo rẹ̀ ló tọ̀nà.

Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe tíṣà, wọ́n á sọ fún yín ní ibi tẹ́ ẹ ti máa kọ́ṣẹ́ pé fóònù ń jẹ ọkàn àwọn ọmọ, òótọ́ sì ni. Wọ́n á fún yín ní òfin tẹ́ ẹ máa fi gbà á, ẹ gbà á. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ti dúróọ̀ yín pa, ẹ bi ọmọ náà ní ohun tó ń wá. Ọ̀pọ̀ ìgbà, òfo ni, fídíò ẹni tó ń jó. Mo gba fóònù lọ́wọ́ Fọlákẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, mi ò bi í lẹ́ẹ̀kan. Lójoojúmọ́ ni mò ń dúró níwájú ọmọ yẹn, ó sì ń wá mi nínú fóònù.